Ẹni Tí Ó Ta Wá Lọ́rẹ, Ǹjẹ́ Ó Jẹ Wá Ní Gbèsè Àlàyé?

Bí ọkùnrin kan bá fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ kànga sí ìta gbangba, tí ó sì wí pé kí tọmọdé tàgbà máa pọn níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, gbogbo ìlú ni yóò súre fún un. Ṣùgbọ́n bí kànga náà bá jìn, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan pàtó ni a ń gbà sọ okùn rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó lè kan omi, tí ọkùnrin náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bí a ti í ṣe é, kí ni kí á wí? Obìnrin kan dé pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó ju okùn, kò kan omi. Ó tún un jù, kò kan omi. Ó gbé korobá rẹ̀ padà sílé lófìfo. Bí ó bá lọ kan ilẹ̀kùn olóore náà ní ọjọ́ kejì pé, ‘Baba, kànga yín yìí kò ṣeé pọn,’ ǹjẹ́ aláìmoore ni, tàbí ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ́kọ́ dá obìnrin náà lẹ́bi. Wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á fi sùúrù yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé irú kànga bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ayé òde òní ju bí a ti rò lọ, ojoojúmọ́ ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ju okùn sínú wọn.

Kànga tí mo ń wí ni àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tí ó kọ wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ètò kọ̀ǹpútà kò ju àkójọ àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ náà láti máa tẹ̀lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ètò a máa fi àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ wọ̀nyí pamọ́, gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti í fi orúkọ ewé pamọ́ fún aláìsàn: àgúnmu ni wọn yóò tà fún ọ, wọn kò ní fi ewé hàn ọ́. Àwọn tí ó ṣí tiwọn sílẹ̀ a máa kó ewé, egbò àti àgúnmu fún ni lẹ́ẹ̀kan náà. O lè lò ó, o lè wo inú rẹ̀, o lè tún un ṣe, o sì lè fún ẹlòmíràn.

Ní 1983 ni Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò kọ odindi ètò irú èyí, tí ó sọ orúkọ rẹ̀ ní GNU. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà lára ohun tí ó bí òun nínú. Ìwé a máa há sínú ẹ̀rọ náà, Stallman sì mọ bí a ti lè mú kí ó máa ké sí àwọn ènìyàn nígbà tí ìwé bá há, ṣùgbọ́n ẹni tí àkọsílẹ̀ àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti fi í hàn án, nítorí pé ó ti ṣe ìlérí pé òun kò ní fi í han ẹnikẹ́ni. Ní 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kéde ètò tí a wá mọ̀ sí Linux. Linux yìí ni ó wà ní ìpìlẹ̀ Android. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ nínú àpò rẹ̀ ń mu nínú kànga yìí, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ta ayé lọ́rẹ wọ̀nyí ni ó ní gbólóhùn kan nínú, tí ó wí pé bí a bá ti bá a ni kí á gbà á, pé kò sí ìdánilójú kankan, àti pé bí ó bá ba nǹkan jẹ́ kí á má ṣe wá olóore náà. Lójú ìwé àṣẹ yìí, ọ̀rọ̀ ti parí: olóore kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkankan. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé àṣẹ wí, àti ohun tí ó tọ́ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní sí ohun tí à ń pè ní ìwà.

Nínú kànga yìí, ìwé àlàyé ni okùn. Stallman tìkára rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àléébù ńlá tí ó wà nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ kì í ṣe nínú ètò gan-an, pé àìsí ìwé àlàyé dáradára tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú ni. Ní 2017, GitHub, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ètò wọ̀nyí fi ṣe ibùgbé, ṣe ìwádìí láàárín àwọn tí ó ń lò wọ́n àti àwọn tí ó ń kọ wọ́n. Nínú ènìyàn 100 tí ó dáhùn, 93 ni ó wí pé ìwé àlàyé tí kò pé, tàbí tí ó ti di ti àtijọ́, jẹ́ ìṣòro tí àwọn ti rí. Ṣùgbọ́n nínú 100 àwọn tí ó ń dá sí iṣẹ́ náà, 60 wí pé ekukáká ni àwọn fi ń fọwọ́ kan ìwé àlàyé, tàbí pé àwọn kì í fọwọ́ kàn án rárá. Òùngbẹ ń gbẹ gbogbo ènìyàn, àwọn tí yóò hun okùn ni kò tó nǹkan.

Kí ni ó fà á? Ìdí kan kò ṣòro, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀: ẹni tí ó bá kọ ètò ni ayé ń yìn, kò sí ẹni tí í lu ìlù fún ẹni tí ó kọ àlàyé. Ìdí kejì ni ó jinlẹ̀, òun ni ó sì mú kí n máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan.

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó ń yènà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́. A sábà máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé àìbìkítà ni ó ń bá wí. Lójú tèmi, kì í ṣe àìbìkítà. Ojú ẹni tí ó ń yènà wà níwájú, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó wà. Kò sí bí ó ti lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ènìyàn rere tó. Ẹ ti gbọ́ bí àgbàlagbà ti í júwe ọ̀nà fún àlejò: ‘Bí o bá ti dé ìdí ìrókò, kí o yà sí ọwọ́ òsì.’ Àlejò rìn títí, kò rí ìrókò. Wọ́n ti gé ìrókò náà láti ọdún méje sẹ́yìn. Baba náà kò purọ́. Ojoojúmọ́ ni òun alára ń yà sí òsì níbẹ̀ láìgbé ojú sókè, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ìrókò náà sì ṣì dúró ṣinṣin nínú ọkàn rẹ̀. Tàbí kí á wo ìyá tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní àmàlà rírò. ‘Máa rò ó títí yóò fi jinná.’ ‘Báwo ni n ó ti mọ̀ pé ó ti jinná?’ ‘Ìwọ yóò mọ̀.’ Òótọ́ ni, yóò mọ̀ bí ó bá yá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì mọ̀ ní òní, òní ni ebi sì ń pa wọ́n.

Bákan náà ni ó rí fún ẹni tí ó kọ ètò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé pé, ‘Tẹ àṣẹ yìí, ètò náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.’ Ó gbàgbé pé kí àṣẹ náà tó lè jẹ́, nǹkan mẹ́ta mìíràn gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ ṣáájú. Ó ti fi wọ́n sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n ti di ìrókò. Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ àṣẹ náà, ẹ̀rọ dá a lóhùn pé òun kò mọ ohun tí ó ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bóyá òun ṣì í kọ. Kò ṣì í kọ. Ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ kò wí èké kan, síbẹ̀ kò wúlò fún un.

Òwe mìíràn wà tí ó wí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi kò ní bá àwọn àgbà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú àti ìdílé. Àlejò kò lè mọ ohun tí ó mú kí Baba Àgbà máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìwé àlàyé, òwe náà yí padà: ojú àlejò ni ó ríran, ti onílé ni ó fọ́. Àlejò nìkan ni ó lè sọ pé kò sí ìrókò ní oríta. Nítorí náà, nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wí pé, ‘Ojú-ewé yìí kò yé mi,’ ìmọ̀ kan ni ó ń mú wá, tí olóore náà kò lè fi ọgbọ́n tàbí wàhálà tirẹ̀ rí láéláé. Ìmọ̀ náà ní àkókò pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù kan tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ti rí ọ̀nà gbà, òun náà yóò di onílé, yóò gbàgbé ibi tí ó ti ṣubú, yóò sì máa wí fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kò ṣòro, pé kí wọn sáà tẹ àṣẹ náà. Bí kò bá sọ ọ́ nígbà tí egbò náà ṣì ń ta á, a jẹ́ pé ó ti sọnù.

Mo rí i pé a sábà máa ń rò pé oríṣi ìwé àlàyé kan ṣoṣo ni ó wà, èyí sì wà nínú ohun tí ó ń da ọ̀rọ̀ rú. Daniele Procida, tí ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ láàárín àwọn tí ó ń ṣe ètò Django, pín in sí mẹ́rin. Èkíní ni èyí tí ó ń di ọwọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ní jẹ́ kí ó ṣubú. Èkejì ni èyí tí ó ń fi ọ̀nà han ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, tí ó ń wá bí òun yóò ti ṣe é. Ẹ̀kẹta ni èyí tí à ń ṣí wò bí a ti í ṣí ìwé atúmọ̀-èdè wò, ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan, kí á sì pa á dé. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó ń sọ ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ti rí, tí ènìyàn lè jókòó kà nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹni tí ó bá po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nínú ìkòkò kan kò ní bọ́ ẹnikẹ́ni yó. Ẹ ro ti ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ gbóná ní ọ̀gànjọ́ òru, tí ó sáré dé ilé ìwòsàn láti béèrè ìwọ̀n oògùn tí òun yóò fún un, tí oníṣègùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bí àwọn òyìnbó ti ṣe àwárí oògùn ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní òru yẹn. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa gba ẹ̀sùn méjì tí ó takora lórí ojú-ewé kan náà: ọmọ-ẹ̀kọ́ ní ó kúrú jù, ọ̀gá ní ó gùn jù. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Ìwé méjì ni wọ́n ń béèrè.

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn ṣe ìpìlẹ̀ ilé wọn. Ní 1997, àwọn tí ó ń ṣe ètò Debian fẹnu kò lórí májẹ̀mú kan pẹ̀lú àwọn tí ó ń lo iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé àwọn kò ní fi àléébù pamọ́, pé gbogbo ẹ̀sùn tí a bá fi sùn ni yóò wà ní gbangba níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Lórí ojú òpó ayélujára tí ìwé àlàyé èdè kọ̀ǹpútà Python wà, a ó rí ibi tí ẹni tí ó bá rí àṣìṣe lè tẹ̀ láti fi í sùn. Láti 2017 ni wọ́n sì ti fi ọ̀nà lélẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ tú ìwé àlàyé náà sí èdè tiwọn. Faransé àti Jàpáànù wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí. Bí ètò náà ti ń lọ ni pé ẹnìkan yóò fi ẹ̀sùn sùn, ẹlòmíràn yóò kọ àtúnṣe, ẹni kẹta yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọlé, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì wà nínú àkọsílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè kọ ìlà kan nínú ètò náà lè tún gbólóhùn kan ṣe nínú àlàyé rẹ̀, kí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀.

Bí mo bá dúró níhìn-ín, ẹ ó rò pé gbogbo ẹ̀sùn ni ó dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ètò kékeré kan tí ń jẹ́ xz, tí a fi ń fún nǹkan pọ̀ kí ó má baà gba àyè púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó kéré, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ àìmọye ni ó wà káàkiri ayé. Ọkùnrin kan ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ òfìfo ni ó fi ń ṣe é, kò sí ẹni tí ń sanwó fún un. Ní 2022, àwọn kan tí a kò mọ ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sùn dà á láàmú: kí ni ó dé tí iṣẹ́ ń falẹ̀, kí ni ó dé tí kò gbé e fún ẹlòmíràn? Ó dá wọn lóhùn pé ara òun kò le tó bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ sì ni. Wọn kò gbọ́. Ní àkókò yẹn kan náà ni ẹnìkan tí ń lo orúkọ Jia Tan ń fi ẹ̀sọ̀ ràn án lọ́wọ́, tí ó ń tún èyí ṣe, tí ó ń tún tọ̀hún ṣe, títí ó fi di ẹni tí a fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta 2024 ni Andres Freund, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí ẹ̀rọ kan láti òkèèrè ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò mójú kúrò. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan nínú xz, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè gbà wọ inú ẹ̀rọ oníẹ̀rọ. Jia Tan ni ó fi í síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó ń fi ẹ̀sùn dá ọkùnrin náà lágara wà nínú ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó wá ràn án lọ́wọ́.

Ẹ ò rí i pé ẹ̀sùn lè di ohun ìjà? Bí a kò tilẹ̀ ní èrò búburú lọ́kàn, ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí olúkúlùkù wọn sọ òkúta kékeré kan lè pa ẹnìkan. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó wí pé, ‘Mo dé oríta, n kò rí ìrókò,’ àti ẹni tí ó wí pé, ‘Kí ni ó dé tí o kò tíì wá gbin ìrókò mìíràn láti àná?’ Ẹni àkọ́kọ́ mú nǹkan wá. Ẹnì kejì wá gba nǹkan, iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni ó sì wá gbà láìsanwó.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo gbé ìdájọ́ tèmi kà. Olóore kò jẹ wá ní gbèsè iṣẹ́. Bí ó bá gbẹ́ kànga tán tí ó sì lọ sùn, oorun rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ojú òpó ayélujára ọ̀pọ̀ àwọn ètò wọ̀nyí. Kì í ṣe pé wọ́n gbẹ́ kànga tí wọ́n dákẹ́; wọ́n gbé pátákó sí ojú ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé, ‘Ẹ yà síbí, ó rọrùn, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni yóò gbà yín.’ Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ra dátà pẹ̀lú owó oúnjẹ rẹ̀ ka pátákó náà, ó yà, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ níhìn-ín kò ti inú ọ̀rẹ wá, inú ìpè ni ó ti wá. Ẹni tí ó pe àlejò ti jẹ ẹ́ ní òtítọ́, ì báà jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni ó fẹ́ fún un. Gbèsè òtítọ́ kò sì wúwo bíi gbèsè iṣẹ́. Bí ojú-ewé kan bá ti gbó, gbólóhùn kan tó: ‘Ojú-ewé yìí ti pẹ́, a kò tíì tún un kọ, ẹni tí ó bá lè tún un ṣe, kí ó jọ̀wọ́ bá wa ṣe é.’ Ẹni tí ó rẹ̀ pátápátá lè kọ ìyẹn. Ẹni tí kò kọ ọ́, tí ó fi pátákó àtijọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó wu ojú, èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ gbà á sílẹ̀.

Ẹni tí ó ń fẹ̀sùn ní gbèsè tirẹ̀ náà: kí ó sọ ibi tí ó dúró sí, ohun tí ó ṣe, ohun tí ó rí, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. ‘Kò ṣiṣẹ́’ kì í ṣe ẹ̀sùn, ìmí ẹ̀dùn lásán ni.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn tí kò fẹ̀sùn rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn ni a ó máa fi tún ìwé ṣe, ẹ̀sùn ta ni? Ti ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáradára ni, ti ẹni tí ó láyà, ti ẹni tí ó dá lójú pé ìwé ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó ṣubú jù, tí ó dìde, tí ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, kò sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ níbì kankan. Ìwé yóò máa dára sí i fún àwọn tí ó ti ń yé díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwa Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ó ń dákẹ́ wọ̀nyí, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ a kọ́ wa fún wákàtí kan, a bi wá pé, ‘Ṣé ó yé yín?’ Gbogbo wa a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, ‘Ó yé wa, sà.’ Ó di ìgbà tí ó bá jáde tán kí á tó máa bi ara wa léèrè pé kí ni ó ń wí. Ọ̀wọ̀ ni à ń pe èyí, ọ̀wọ̀ sì ni lóòótọ́. N kò fẹ́ kí á sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe fún olùkọ́ náà: ó lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹ̀kọ́ òun dára, bí ó sì ti kọ́ wa ni yóò kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. A ti fi ohun tí ó nílò dù ú nítorí pé a bọ̀wọ̀ fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dákẹ́, ohun tí yóò sọ fún ara rẹ̀ ni pé, ‘Orí mi ni ó kú, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe fún irú mi.’ Yóò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí nǹkan mẹ́ta tí ẹnìkan gbàgbé láti kọ sínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀nà tí ọmọdé lè gbà bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, kò ha máa ń wí pé, ‘Tótó, ó ṣe bí òwe’? Àgbà a sì dá a lóhùn pé òwe mìíràn ni yóò tún pa. Ìyẹn ni pé àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohun tí àgbà kò rí lè wà lẹ́nu ọmọdé; wọ́n kò di ẹnu ọmọdé pa, ọ̀nà ìwọlé ni wọ́n ṣe fún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Èdè tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Síbẹ̀, ní 1875, wọ́n pe ìpàdé ní Èkó lórí bí ó ti yẹ kí á máa kọ èdè náà, Crowther tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà sì wà níbẹ̀. Kò wí pé nítorí pé òun wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà, kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án. Kò parí síbẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, tí ‘aiye’ fi di ‘ayé’, tí ‘enia’ sì di ‘ènìyàn’. Mo ti bá àwọn àgbà pàdé tí inú wọn kò dùn sí i títí di òní. Bí wọ́n bá ń sọ tiwọn, mo máa ń gbọ́, nítorí pé wọ́n mọ ohun kan nípa kíkà ‘aiye’ tí èmi kò lè mọ̀.

Ó ku ibì kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan kò tíì fẹnu kò sí. Ó wí pé bí àwọn méjì péré bá ni ó ń tọ́jú ètò kan, tí wọn kò sì ráyè kọ àlàyé, kí wọn wó pátákó ojú òpó wọn palẹ̀ pátápátá títí wọn yóò fi ráyè. Pé ó sàn kí àlejò má mọ̀ pé kànga wà ju kí ó wá ṣubú sínú rẹ̀ lọ. Èmi ní kí wọn fi pátákó náà sílẹ̀, kí wọn sáà kọ òtítọ́ sí i lára, nítorí pé láàárín àwọn tí ó ń bọ̀ wá pọn omi ni a ti ń rí ẹni tí yóò hun okùn. Ó bi mí pé mélòó nínú wọn ni ó ń padà wá hun ún. Ó tún rán mi létí àwọn 60 nínú 100 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ó ku 40. Ó ní 40 náà kò tó fún kànga tí ó pọ̀ tó báyìí, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni gbogbo wọn fi ń kọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì wà títí di ìsinsìnyí.